Dùùrù Inú Búùtù Takisí

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n fi ìjẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ní ọdún 2010, nígbà tí mo ń kó kúrò ní Mushin, mo gbé páálí ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo sì fún ọlọ́mọlanke kan lówó pé kó bá mi gbé e dànù. Kásẹ́ẹ̀tì ló kún inú páálí náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Onídùùrù, ló fi í sílẹ̀ kó tó kú. Bàbá ti tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó ra dùùrù kékeré kan tí ń lo iná, ó gbé e sí yàrá rẹ̀, ó sì ń dá tẹ̀ ẹ́ lóru nígbà tí ilé bá ti dákẹ́. Yóò fi kásẹ́ẹ̀tì sínú rédíò, yóò sì máa gba ohùn náà sílẹ̀. Kò kọrin sí i. Kò lu ìlù sí i. Ohùn dùùrù náà á kàn máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á máa bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí omi tí ń ro láti orí òrùlé.

Èmi àti àbúrò mi máa ń fi Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà náà. A ó ní, "Irú orin wo rèé, tí kò ṣeé jó, tí kò ki ẹnikẹ́ni?" Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo ń kó lọ, tí mo wo páálí yẹn, tí mo sì rántí pé ẹ̀rọ tí à bá fi gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì kò tilẹ̀ sí nílé mi mọ́, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Ní ọjọ́ kan báyìí, àbúrò mi, tí ó ń wa takisí ní ìpínlẹ̀ Maryland ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pè mí lórí fóònù. Kò tilẹ̀ kí mi tán.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ rántí kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Onídùùrù?"

Mo ní mo rántí.

"Mo gbọ́ orin kan nínú mọ́tò ọ̀rẹ́ mi lánàá, ó jọ ọ́ bí ẹni pé Bàbá ló jókòó tì í. Ọkùnrin tó ṣe é, awakọ̀ takisí bíi tiwa ni o. Ará Etiópíà ni. N kò tíì pàdé ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n gbogbo wa tí à ń gbé èrò ní pápákọ̀ òfuurufú la ti ń gbọ́ ìtàn ẹ̀. Láti 1985 ló ti ṣe orin yẹn, kò sẹ́ni tó kà á sí níbí. Àfi bí òyìnbó kan ṣe lọ rí kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ he. Ní báyìí, gbogbo ayé ló ń ra á. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, páálí yẹn dà?"

Ẹnu mi wọhò. Kí ni mo fẹ́ sọ? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣa ìtàn ọkùnrin ará Etiópíà yìí jọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà lóko ẹlòmíràn. Ohun tí mo rí kó jọ ni mo fẹ́ tẹ́ síwájú yín yìí. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ óò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń jẹ mí lọ́kàn.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Hailu Mergia. Ní ọdún 1946 ni wọ́n bí i ní agbègbè Shewa, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Etiópíà. Ó tó ọmọ ọdún 10 nígbà tí ó dé Addis Ababa, olú ìlú wọn. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, ó wọ ẹgbẹ́ olórin àwọn ọmọ ogun, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí a ṣe ń ka orin láti inú ìwé. Ohun èlò tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ni àkódíọ̀nù, dùùrù tí à ń gbé kọ́ àyà, tí à ń fà tí a sì ń tì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ẹni tó bá gbọ́ orin I. K. Dairo láyé ọjọ́un kò ní béèrè lọ́wọ́ mi bí ohùn rẹ̀ ti rí.

Bóyá ẹnìkan á béèrè pé kí ni ọmọdé ń wá láàárín ọmọ ogun nítorí orin? Ìtàn ilẹ̀ náà ló fà á. Ní ọdún 1924, Ras Tafari, ẹni tí a wá mọ̀ sí Ọba Haile Selassie lẹ́yìn náà, rìnrìn-àjò lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ó bá àwọn ọmọ aláìlóbìí 40 níbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Àméníà, tí ogun ti lé jáde nílùú wọn, tí wọ́n sì mọ fèrè fun dáadáa. Ó kó wọn wá sí Addis Ababa, ó sì fi wọ́n ṣe ẹgbẹ́ afunfèrè ìjọba. Láti ìgbà náà ni orin ìgbàlódé ti di ọ̀ràn ìjọba ní Etiópíà. Àwọn ọmọ ogun ní ẹgbẹ́ olórin tiwọn, àwọn ọlọ́pàá ní tiwọn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba pàápàá ní tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ fun fèrè, àfi kó wọ aṣọ ìjọba. Ìgbà tí ọdún 1960 sí 1970 ń parí lọ ni àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró. Ọ̀kan nínú wọn, Amha Eshete, dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1969 láìka òfin sí.

Láàárín àwọn tó dá dúró yìí ni Hailu wà. Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ó ń gbé àkódíọ̀nù rẹ̀ kiri ilé ijó, nígbà tó ṣe, ó gba orí dùùrù oníná lọ. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló di ẹgbẹ́ Walias. Walia ni orúkọ ewúrẹ́ igbó kan tí ń gbé lórí òkè Simien, tí kò sí níbòmíràn láyé. Òtẹ́ẹ̀lì Hilton ní Addis Ababa ni wọ́n ti ń lu ìlù wọn lálaalẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àlejò láti ìdálẹ̀ ń jókòó gbọ́ wọn.

Àfi bí ọdún 1974 ti dé. Àwọn ṣọ́jà lé Haile Selassie kúrò lórí oyè ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ìgbìmọ̀ àwọn ológun tí wọ́n ń pè ní Derg gba ìjọba. Àwa tí a gbé ayé ìjọba ológun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tán síbẹ̀. Wọ́n gbé òfin kónílé-ó-gbélé jáde. Bí agogo bá ti lù, ẹni tí wọ́n bá rí lójú títì, ó kù sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ní 1977 àti 1978, ìpànìyàn pọ̀ ní Addis Ababa débi pé wọ́n ń pe ìgbà náà ní Ìgbà Ìpayà Pupa.

Ẹ óò rò pé ilé ijó á ti kógbá sílé nìyẹn. Rárá o! Ohun tí wọ́n dá lọ́gbọ́n ni pé, kí agogo òfin tó lù, wọn á ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá wà nínú ilé kò ní jáde mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olórin á ṣe máa lù ú láti àṣálẹ́ di ìdájí. Ènìyàn ń jó nínú ilé, ìbọn ń dún níta. Irú ayé yẹn ni Hailu Mergia ti kọ́ bí a ti í fi orin mú ọkàn ènìyàn rọlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù ń ba gbogbo ìlú.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ní ayé àwọn ológun, ọ̀rọ̀ orin lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Àwọn aláṣẹ ní láti yẹ ọ̀rọ̀ orin wò kó tó jáde. Ní 1977, ẹgbẹ́ Walias gbé àwo kan jáde tí wọ́n pè ní Tche Belew, ohun èlò ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe akọrin. Ọmọ Yorùbá lè fi èyí rẹ́rìn-ín, nítorí gángan tiwa kò ní ẹnu, síbẹ̀ ó ń ki ènìyàn, ó ń bú ènìyàn, ọba pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Amharic kì í ṣe èdè tí a ń fi ìlù sọ bíi tiwa. Orin tí kò ní ọ̀rọ̀, ta ni yóò fà á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá?

Ní ọdún 1981, ẹgbẹ́ Walias rí àyè rìnrìn-àjò lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ ṣeré fún àwọn ọmọ ìlú wọn tó wà níbẹ̀. Nígbà tí eré parí, ọ̀nà pín. Àwọn kan padà sílé, àwọn kan ní àwọn ò padà sọ́wọ́ ológun mọ́. Hailu wà lára àwọn tó dúró. Washington ló fìdí kalẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun, ẹ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó ti jẹ́ ẹni ńlá nílé á di ẹni tí ń fi orúkọ ara rẹ̀ hàn fún gbogbo ènìyàn. Ẹgbẹ́ tí ń lu ìlù fún àwọn àlejò pàtàkì ní òtẹ́ẹ̀lì ti túká, Hailu ń ṣeré fún àwọn ará ilé rẹ̀ tó wà ní ìdálẹ̀, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́, ó sì ń wá bí yóò ṣe jẹun.

Nígbà tó di 1985, ó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ kékeré kan ní Washington. Kò ní ẹgbẹ́ mọ́, ó ní òun nìkan yóò ṣe gbogbo rẹ̀. Àkódíọ̀nù tí ó ti pa tì láti ìgbà ọ̀dọ́ ló tún gbé kọ́ àyà. Ó wá to àwọn ẹ̀rọ tuntun tì í. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé wọn, nítorí nínú wọn ni adùn ọ̀rọ̀ wà.

Àkọ́kọ́ ni dùùrù Rhodes. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Harold Rhodes ló ṣe é. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkùnrin yìí fi àlòkù irin ọkọ̀ òfuurufú ṣe dùùrù kékeré tí àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ lè gbé lé itan lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, kí ó lè máa dá wọn lára yá. Inú iṣẹ́ yẹn ni dùùrù oníná rẹ̀ ti wá. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, òòlù kékeré á lu irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, iná á sì gbé ohùn irin náà sókè. Ó ń dún bí agogo tí wọ́n fi òwú wé.

Èkejì ni Moog, tí Robert Moog bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1964. Èyí kò ní irin, kò ní okùn, kò ní atẹ́gùn. Iná mànàmáná fúnra rẹ̀ ló ń gbọ̀n nínú rẹ̀ tí gbígbọ̀n náà fi ń di ohùn. Ẹ̀kẹta ni DX7, tí ilé-iṣẹ́ Yamaha ti Japan gbé jáde ní 1983. Ìṣirò ló ń fi ṣẹ̀dá ohùn, bíi ti kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀rọ kékeré kan tí ń lu ìlù fúnra rẹ̀, tí kì í rẹ̀ ẹ́, tí kì í sì yá ju bí a bá ti ní kó ṣe lọ.

Báwo ni ènìyàn kan ṣoṣo yóò ṣe lu gbogbo ìwọ̀nyí pọ̀? Tẹ́ẹ̀pù ló ń ṣe é. Yóò kọ́kọ́ tẹ ọ̀kan, tẹ́ẹ̀pù á gbà á sílẹ̀. Wọn á dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, yóò máa gbọ́ èyí tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀, yóò sì máa tẹ òmíràn lé e. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa to ohùn lé ohùn bí obìnrin tí ń kó ìpele lé ìró, tí ó tún ń fi gèlè lé e. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́yìn náà á rò pé ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ló jókòó. Hailu nìkan ni o, òun ni ẹgbẹ́, òun ni ọ̀gá ẹgbẹ́.

Orin tó tẹ̀ kì í ṣe orin àwọn òyìnbó. Orin àtijọ́ ilẹ̀ wọn ni. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ní níbẹ̀ láti to ohùn márùn-ún pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ: Tizita, Bati, Ambasel, Anchihoye. Àwọn alárìnkiri olórin tí wọ́n ń pè ní azmari ló ti ń fi gòjé olókùn kan kọ ọ́ láti ayébáyé. Tizita ni wọ́n ń lò bí wọ́n bá fẹ́ rántí ohun tó ti lọ. Orúkọ náà gan-an jẹ mọ́ ìrántí. Ọ̀kan nínú orin tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà ni Shilela, èyí tí í ṣe ìsọ̀rí orin ìwúrí àwọn jagunjagun, bí ìgbà tí a bá ń sun rárà fún ológun. Ẹ wá wo ọkùnrin yìí! Orin tí wọ́n fi ń kó ogun jáde, ó gbé e fún àkódíọ̀nù àti ẹ̀rọ, ó sì di ohun tí a lè fi rẹ ọmọ sùn.

Ní ọdún 1978, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Brian Eno, ti gbé àwo kan jáde fún pápákọ̀ òfuurufú. Ó ní òun fẹ́ orin tí yóò wà nínú yàrá bí òórùn tùràrí: ẹni tó bá fẹ́ fetí sí i á rí nǹkan gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́, kò ní dí i lọ́wọ́. Ó fún irú orin náà lórúkọ, àwọn onímọ̀ sì ti kọ ìwé púpọ̀ nípa rẹ̀. Orin Hailu ní ìlù díẹ̀ nínú ju ti Eno lọ, ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ sì yàtọ̀. Eno fẹ́ fi orin tu ẹni tí ọkọ̀ òfuurufú ń bà lẹ́rù nínú. Hailu ń fi tirẹ̀ rántí ilé. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì pàdé lójú ọ̀nà kan náà: orin tí kì í fipá mú etí ẹni.

Èmi fúnra mi gbọ́ ọ. Àbúrò mi fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo sì fi pamọ́ di alẹ́. Iná ti lọ ní àdúgbò wa lálẹ́ ọjọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò sì ti dákẹ́. Mo gbé fóònù sórí àyà. Àkódíọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohùn rẹ̀ ká bí ẹni tí ń ronú sókè, dùùrù ń dá a lóhùn láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀rọ ìlù ń rìn lọ́ lẹ́yìn wọn láìyára. N kò gbọ́ èdè Amharic, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo nílò láti túmọ̀. Yàrá Bàbá Onídùùrù ni mo tún bá ara mi. Mo rántí àtùpà, mo rántí òórùn róòbù tí ó máa ń fi pa orúnkún. Ojú tì mí níbi tí mo sùn sí.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ Hailu? Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé e jáde sí, ilé ní Etiópíà ni wọ́n sì ti tà á. Àwọn ènìyàn rà á níbẹ̀, wọ́n gbádùn rẹ̀ ní tiwọn. Ní Amẹ́ríkà tí ó ń gbé, kò sí ìwé ìròyìn tó dárúkọ rẹ̀. Nígbà tó di 1991, ó ṣíwọ́ ṣíṣeré ní gbangba. Ọdún náà kan náà ni àwọn Derg ṣubú nílé, ṣùgbọ́n ó ti ní ẹsẹ̀ ní ìdálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa takisí. Pápákọ̀ Dulles, lẹ́bàá Washington, ló ti ń gbé èrò.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé o, òun ni mo fi sọ orúkọ ìtàn mi. Awakọ̀ takisí ní pápákọ̀ máa ń tò lórí ìlà kí ó tó kàn án. Àwọn mìíràn á máa sùn, àwọn mìíràn á máa jà lórí òṣèlú ìlú wọn. Ṣùgbọ́n dùùrù kékeré kan wà nínú búùtù Hailu, tí ń lo bátìrì. Bí ó bá ti gbé ọkọ̀ sórí ìlà, á gbé dùùrù náà jáde, á wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ jókòó, á máa tẹ̀ ẹ́. Orin tuntun tó bá sọ sí i lọ́kàn, á gbà á sílẹ̀ kí ó má baà gbàgbé. Bí ó bá kàn án, á gbé dùùrù padà sí búùtù, á gbé ẹrù èrò lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ọ̀nà.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún nìyẹn, fún bí ogún ọdún ó lé. Kò sí olùgbọ́. Kò sí pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń ná owó lé e lórí. Ẹ wo bí èrò tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn ti pọ̀ tó, tí ń bá a sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, tí kò mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn tó tún orin Etiópíà ṣe ló ń gbé òun lọ sílé! Mo bi àbúrò mi pé, kí ló ń mú ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀? Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, bí kò bá ṣe é, kí ló kù tó jẹ́ tiẹ̀? Mọ́tò pàápàá, báńkì ló ni ín."

Nígbà tó di ọdún 2013, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Brian Shimkovitz, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwá kásẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Áfíríkà kiri, wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Bahir Dar, ìlú tó wà létí adágún Tana ní Etiópíà. Láàárín kásẹ́ẹ̀tì tó kún ibẹ̀, ó fa ọ̀kan yọ. Ti 1985 ni. Ó gbọ́ ọ, ó yà á lẹ́nu. Ó wá nọ́ńbà fóònù ẹni tó ṣe é, ó sì pè é. Láàárín oṣù díẹ̀, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tí ó pè ní Awesome Tapes From Africa ti tún orin náà gbé jáde fún gbogbo ayé. Hailu ti di ẹni ọdún 67.

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Wọ́n ń pè é láti Yúróòpù, wọ́n ń pè é láti àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà. Ọkùnrin tí kò gun orí ìtàgé fún ogún ọdún ó lé tún ń gùn ún. Àṣé ìka rẹ̀ kò tíì gbàgbé ohunkóhun, nítorí kò jẹ́ kí wọ́n sinmi rí. Ní 2018, ó gbé àwo tuntun jáde, Lala Belu. Ní 2020, ó tún gbé Yene Mircha jáde. Àwọn orin tó ti ń ronú lé lórí lẹ́yìn takisí wà nínú wọn.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé òyìnbó tó wọ ṣọ́ọ̀bù ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. N kò fẹ́ gba iyì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe é, kò sì jí i, ó wá ẹni tó ni ín kàn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń rò ó, ẹlòmíràn ló ń sọ sí mi lọ́kàn: ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní Bahir Dar. Ọdún 28 ni kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti jáde. Ẹ̀rọ tuntun ti dé, àwọn ọ̀dọ́ ti yí sí orin mìíràn, ẹnikẹ́ni lè kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dànù kó fi àyè sílẹ̀ fún ọjà tó ń tà. Wọn kò kó o dànù. Wọ́n fi í sílẹ̀ sórí pẹpẹ. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, orí pẹpẹ yẹn ló dúró lé.

Èmi ńkọ́? Mo fún ọlọ́mọlanke lówó.

Ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé Bàbá Onídùùrù kì í ṣe Hailu Mergia. Mo mọ̀. Bóyá kò sí òyìnbó kan tí yóò wá a wá láé. Kì í ṣe nítorí owó tàbí òkìkí ni ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mí. Ọkùnrin kan jókòó lóru fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ní èdè kan ṣoṣo tí ó gbọ́ dáadáa. Èmi tí ó fi í sílẹ̀ fún kò jókòó gbọ́ ọ̀kan tán rí kí n tó ní kò wúlò. Ohun tí a kò bá lè jó sí, ohun tí kò ki wa, a máa ń rò pé kò sọ nǹkan kan. Ìwà yẹn ni mo fẹ́ bá ara mi wí lé lórí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Mo kọ lẹ́tà, mo tẹ fóònù, mo lọ sí ìsìnkú tí n kì bá lọ tẹ́lẹ̀ nítorí pé mo mọ̀ pé mo lè rí àwọn ẹbí níbẹ̀. Ẹni tí mo bá bi á ní, "Há à, ó fún mi ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n..." Ọ̀rọ̀ máa ń dúró sórí "ṣùgbọ́n" yẹn. Àfi ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, opó ọ̀gá akọrin tí Bàbá bá ṣiṣẹ́ nígbà kan. Màmá wọ yàrá lọ, wọ́n gbé àpò ike kan jáde, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wo inú èyí. Ọkọ mi kì í da nǹkan nù."

Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìkọ̀wé Bàbá wà lára ọ̀kan. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ arákùnrin kan tí ń tún rédíò ṣe, tí ó ṣì ní ẹ̀rọ àtijọ́. Ojú kìn-ín-ní, ìwàásù ni. Ẹnìkan ti gba ìwàásù lé orin Bàbá lórí, ó parẹ́. Mo ní kó yí i padà. Ojú kejì náà, ìwàásù ni. Mo ti ń dìde kí n máa lọ nígbà tí oníwàásù ṣe àmín, tí nǹkan kan dún tàá, tí dùùrù sì bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló ṣẹ́kù. Arákùnrin náà fi ọ̀bẹ ìtúsó rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jó tẹ́lẹ̀ sí orin tó ń ti òdìkejì títì wá dúró. Ẹnikẹ́ni kò jó, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè tún un fi sí i?"

A ti fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá náà sínú kọ̀ǹpútà báyìí, mo sì ti fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Òun ni Bàbá kọ́ ní dùùrù nígbà ọmọdé. Ó ti tó ogún ọdún tí kò fọwọ́ kàn án. Ó pè mí lọ́jọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní òun gbọ́ ọ lórí ìlà ní pápákọ̀, èrò kan òun, òun ò mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ pé ó wà ní ilé yín: lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lórí àjà, nínú gáréèjì tí mọ́tò kò gbé ibẹ̀ mọ́. Páálí kan wà níbẹ̀ tí ẹ ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ẹ óò dà nù. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó pe ọlọ́mọlanke, ẹ kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ọ dé òpin, kódà bí ìwàásù bá ti gba iwájú.